Àgbà Tó Ń Dá Gbé: Ǹjẹ́ Aago Ọwọ́ Tó?

 

Ní Pobè, ní Sakété àti ní àwọn abúlé Ọ̀họ̀rí, ilé púpọ̀ ni ó wà lónìí tí ó jẹ́ pé ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà nìkan ni ó kù níbẹ̀. Àwọn ọmọ wà ní Kútọnu, ní Àjàṣẹ́, ní Èkó. Àwọn mìíràn wà ní ilẹ̀ Faransé. Owó ń wọlé lórí tẹlifóònù, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò bá ìyá jẹun alẹ́ kò sí. Nítorí náà ni àwọn ọmọ kan fi ń béèrè pé: ǹjẹ́ a kò lè ra aago ọwọ́ ìgbàlódé fún ìyá wa, irú èyí tí ń ránṣẹ́ pe ọmọ bí ìyá bá ṣubú? Ìbéèrè gidi ni. Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láti bí ọdún 1970 sí 1980 ni àwọn ará Jámánì àti Amẹ́ríkà ti ń fi bọ́tìnì kékeré kọ́ àgbàlagbà lọ́rùn. Bí àgbà bá ṣubú, yóò tẹ̀ ẹ́, agogo yóò sì dún níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti jókòó tọ̀sán tòru láti dáhùn. Ní ọdún 2018, ilé iṣẹ́ Apple fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sínú aago ọwọ́ rẹ̀. Ohun kékeré kan wà nínú aago náà tí ń mọ bí ọwọ́ ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Bí ara bá já lulẹ̀ lójijì, aago yóò béèrè bóyá kò sí nǹkan. Bí ẹni náà kò bá mira fún bí ìṣẹ́jú kan, aago yóò pe àwọn olùrànlọ́wọ́, yóò sì ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí tí a ti kọ orúkọ wọn sínú rẹ̀.

Èyí dára. Àgbà tí ó ṣubú ní balùwẹ̀ lóru, tí kò rí ẹni pè títí ilẹ̀ fi mọ́, lè kú ikú tí kò yẹ kí ó kú. Ohun tí ó bá lè dá ẹ̀mí kan sí, a kò gbọdọ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ṣùgbọ́n kí a tó ná owó, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa ní ìbéèrè mẹ́rin.

Èkíní: ta ni yóò dáhùn? Bí aago bá pe ọmọ ní Kútọnu ní agogo méjì òru, báwo ni yóò ṣe dé Pobè? Aládùúgbò tí kọ́kọ́rọ́ ilé wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó yẹ kí orúkọ rẹ̀ ṣáájú. Ẹ sì tún yẹ tẹlifóònù àwọn òbí wò. Láti ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024, nọ́ńbà tẹlifóònù ilẹ̀ Benin ti di oní-10, 01 ni ó sì ń bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ nọ́ńbà àtijọ́ oní-8 ni ó ṣì wà nínú tẹlifóònù ìyá, yóò tẹ̀ ẹ́ títí, kò ní rí ọmọ pè.

Èkejì: iná ńkọ́? Ilé iṣẹ́ Apple fúnra rẹ̀ sọ pé àwọn aago rẹ̀ kan ń lo wákàtí 18 kí iná wọn tó tán. Bí iná bá lọ lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹ̀gbà ọwọ́ lásán ni ó kù. Tẹlifóònù kékeré olóhun-títẹ̀, tí a fi okùn líle kọ́ sọ́rùn, lè lo ọjọ́ mélòó kan. Àwọn àgbà wa kan ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́, wọn kò sì jẹ̀bi.

Ẹ̀kẹta: èdè wo ni yóò sọ? Aago tí ń sọ Faransé létí ìyá tí kò gbọ́ ju Nàgó lọ, ariwo ni yóò jẹ́ fún un.

Ẹ̀kẹrin: ǹjẹ́ ìyá fẹ́ ẹ? Aago yìí lè máa fi ibi tí ó wà han ọmọ nígbà gbogbo. Àgbà kì í ṣe ewúrẹ́ tí a ń so okùn mọ́ lọ́rùn. Ẹ ṣàlàyé fún un, kí ó gbà tàbí kí ó kọ̀.

Ìṣubú sì yàtọ̀ sí ìdánìkanwà. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìròyìn jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2025 pé ẹnì kan nínú ènìyàn mẹ́fà láyé ni ìdánìkanwà ń bá jà, àti pé ó ń lọ́wọ́ nínú ikú tí ó tó nǹkan bí 871,000 lọ́dọọdún. Nítorí náà, nígbà tí àgbà bá ní ilé ti dá jù, kì í ṣe àròyé lásán. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti ń ta ohun ọrùn kan tí wọ́n pè ní Friend: ó ń gbọ́ ohun tí ẹni tí ó fi í kọ́rùn ń sọ, ó sì ń kọ̀wé dá a lóhùn lórí tẹlifóònù. Nígbà tí wọ́n lẹ ìpolówó rẹ̀ káàkiri ibùdókọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní New York ní ọdún 2025, àwọn ará ìlú kọ ọ̀rọ̀ ìbínú sí i lára pé ẹ̀rọ kì í ṣe ọ̀rẹ́.

Bí ó bá jẹ́ ohun tí a ń wọ̀ sára ni a ń wá, ẹ kọ́kọ́ ro ti etí. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú àwọn tí ó ti ju ọmọ 60 ọdún lọ, ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ tí etí wọn ti wúwo débi pé ó ń ṣèdíwọ́ fún wọn. Ẹ wo bàbá nínú ìpàdé ẹbí: àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Nígbà tí ó yá, kò wá mọ́. A ní ọjọ́ ogbó ló dé, bẹ́ẹ̀ sì ni etí ló di. Nígbà mìíràn, ìdọ̀tí etí lásán ni, nọ́ọ̀sì lè yọ ọ́. Ẹ má ṣe fi igi ìṣáná ro ó. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn dókítà etí wà ní ilé ìwòsàn ńlá CNHU ní Kútọnu, tí wọn yóò sọ bóyá ẹ̀rọ ìgbọ́ràn yóò ran bàbá lọ́wọ́. Ẹ̀rọ yìí kì í bá àgbà sọ̀rọ̀. Àwọn ènìyàn ni ó ń dá padà fún un.

Àwọn bàbá wa ní, ènìyàn laṣọ mi. Aṣọ náà ni kò gbọdọ̀ bọ́ lára àgbà. Pápà François ya ọjọ́ ìsinmi kẹrin oṣù keje sọ́tọ̀ fún àwọn òbí àgbà láti ọdún 2021, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan nínú ọdún kò tó. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ yan ọjọ́ àti wákàtí tí ẹ óò máa pè, kí ìyá lè máa retí yín. Ẹ má kàn béèrè bóyá ó ti jẹun. Ẹ bi í ní ìmọ̀ràn, ẹ ní kí ó sọ ìtàn oríkì yín. Ẹ rán ọmọ-ọmọ kan lọ bá a lásìkò ìsinmi ilé ìwé. Ẹ̀yin aládùúgbò, bí ẹ kò bá rí i kí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí ní òwúrọ̀, ẹ kàn án. Ẹ̀yin tí ń gbé Ara Olúwa lọ fún àwọn aláìsàn, ẹ jókòó díẹ̀ kí ẹ tó dìde.

Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní ń mu. Ẹni tí agbára rẹ̀ bá ká aago, kí ó rà á, kò burú. Ṣùgbọ́n kí òun fúnra rẹ̀ gbé e wá sílé, kí ó sì sun ibẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Ó dìgbà kan ná.