Ẹ Fi Ọ̀nà Sílẹ̀ fún Àgbàrá Kí Ilẹ̀ Alápòtí Tó Tà Tán

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kan Mùsùlùmí, ó kan ọmọlẹ́yìn Kírísítì, ó sì kan ẹni tí kò ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì, nítorí pé nígbà tí òjò bá ń rọ̀, kì í bi onílé léèrè ẹ̀sìn tí ó ń ṣe. Ọ̀rọ̀ àgbàrá ni.

Àwọn baba wa ní àgbàrá òjò kò lóun kò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Púpọ̀ nínú wa a máa pa òwe yìí bí ẹni pé ìjà ni onílé yóò bá àgbàrá jà. Kò sí ẹni tí ó lè bá omi jà kí ó borí. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí onílé fi lè kọ̀ fún àgbàrá ni pé kí ó fún un ní ibòmíràn tí yóò gbà kọjá. Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ káńsù Adó-Odò/Ọ̀tà, àwọn baálẹ̀ wa àti àwa ará Alápòtí fún kò ju èyí lọ: kí a yan ọ̀nà omi nísinsìnyí, kí a sàmì sí i, kí ẹnikẹ́ni má sì kọ́lé lé e lórí.

Ẹni tí ó bá ti kọjá ní Sàngó Ọ̀tà lẹ́yìn òjò ńlá mọ ohun tí mo ń wí. Títì a di odò, mọ́tò a kú sínú omi, ọlọ́jà a sì máa fi abọ́ gbọ́n omi kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kì í ṣe pé òjò Sàngó pọ̀ ju òjò Alápòtí lọ. Ilé àti ilé-iṣẹ́ ni ó kún ibẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ronú ibi tí omi yóò gbà. Ní ti wa ní Alápòtí, oko kò tíì tán, àwọn àfonífojì tí omi ń gbà láti ayébáyé ṣì wà tí ojú ń rí wọn. Ṣùgbọ́n òpó ọmọ onílẹ̀ ti ń wọ inú wọn díẹ̀díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò kékeré kan. Nígbà tí igbó àti oko bo ilẹ̀, ewé a máa dá òjò dúró, gbòǹgbò a sì máa ṣí ilẹ̀ fún un láti wọlé. Páànù àti simẹ́ńtì kì í mu omi. Bí òrùlé ilé kan bá fẹ̀ tó mítà 10 níbùú àti mítà 10 lóròó, tí òjò tí ó rọ̀ lọ́jọ́ kan sì tó mílímítà 50, omi tí yóò ṣàn kúrò lórí òrùlé kan ṣoṣo yìí yóò tó lítà 5,000. Èyí jẹ́ dúrọ́ọ̀mù ńlá 25. Bí irú ilé bẹ́ẹ̀ bá tó 100 ní àdúgbò kan, dúrọ́ọ̀mù 2,500 nìyẹn, a kò sì tíì ka àgbàlá tí a fi kọnkéré dì, bẹ́ẹ̀ ni a kò tíì ka òrùlé ilé-iṣẹ́ tí ó tẹ́ rẹrẹ bí pápá. Níbo ni a fẹ́ kí gbogbo omi yìí gbà?

Ta ni ó ni iṣẹ́ náà? Bí a bá bi káńsù, wọn a ní kí á lọ bá ìjọba ìpínlẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Bí a bá dé ibẹ̀, wọn a ní títì ìjọba àpapọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 kò fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́. Nínú Àfikún Kẹrin rẹ̀, ó ka ṣíṣe ojú-ọ̀nà àdúgbò àti gọ́tà, àti ìtọ́jú wọn, mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ó ka kíkó ìdọ̀tí dànù mọ́ ọn pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé owó tí ó jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀ nínú àpò ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ máa lọ tààrà sí ọwọ́ wọn, kí gómìnà kankan má ṣe dá a dúró. Ìdájọ́ yìí fún ará ìlú náà ní iṣẹ́ ṣe. Ó yẹ kí á máa bi káńsílọ̀ wa léèrè lọ́dọọdún pé: èló ni ẹ yà sọ́tọ̀ fún gọ́tà?

Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé mo ń da ara mi láàmú lásán, kí ó wo Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún bo bèbè rẹ̀, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 100. Ilé àti ìdọ̀tí ti há ọ̀nà rẹ̀ mọ́ ọn. Lẹ́yìn ọdún 31, ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, àgbàrá tún pa ènìyàn tí ó lé ní 100 ní ìlú kan náà, ó sì gbé ọ̀pọ̀ afárá lọ. Ìgbà náà ni wọ́n tó lọ yá owó. Ní ọdún 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí mílíọ̀nù 200 dọ́là fún iṣẹ́ àgbàrá Ìbàdàn, wọ́n sì fi nínú rẹ̀ ya àwòrán ọ̀nà omi gbogbo ìlú. Àwòrán tí ìbá ti wà kí ilé tó kún ni wọ́n wá yà lẹ́yìn tí òkú ti sùn. Àwa ní Alápòtí ṣì lè ya tiwa ní owó pọ́ọ́kú.

Èmi ààfáà ni mí, n kì í ṣe ẹnjiníà. Ṣùgbọ́n nínú ìwé òfin Islam tí a kà ní ilé-kéú, ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní harim. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ilẹ̀ tí ó yí odò, kànga tàbí ojú-ọ̀nà ká, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ di tirẹ̀. Ní ọ̀nà Màlíkì tí àwa ń tọ̀, ohun tí ó jẹ wọ́n lógún níbẹ̀ ni pé kí ilẹ̀ náà fẹ̀ tó èyí tí ìpalára kò fi ní dé. Àwọn ènìyàn ìgbà náà kò ní katapílà, síbẹ̀ wọ́n mọ̀ pé omi ní ilẹ̀ tirẹ̀.

Báwo ni a ó ṣe ṣe é? Lákọ̀ọ́kọ́, kí káńsù rán awọnlẹ̀ jáde nínú òjò, kí wọ́n tọpa àgbàrá láti ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ títí dé odò, kí wọ́n sì bi àwọn àgbà àgbẹ̀ léèrè, nítorí àwọn ni wọ́n mọ ibi tí omi ń dé. Lẹ́ẹ̀kejì, kí wọ́n gbìn òpó sí ààlà ọ̀nà omi náà, kí wọ́n sì lẹ àwòrán rẹ̀ mọ́ ògiri káńsù, ààfin, mọ́sáláásí, ṣọ́ọ̀ṣì àti ọjà. Kí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ tí ń fọwọ́ sí pílánì ilé má ṣe fọwọ́ sí èyíkéyìí tí ó bá bọ́ sínú rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, kí gọ́tà ní ẹnu. Gọ́tà tí ó bẹ̀rẹ̀ níwájú ilé ènìyàn ńlá tí ó sì parí sí ẹnu ọ̀nà opó, àgbàrá ni ó kó lọ bá opó náà. Láti ìsàlẹ̀, níbi odò, ni ó yẹ kí á ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, kí á máa bọ̀ wá sókè. Lẹ́ẹ̀kẹrin, níbi tí ilẹ̀ bá tẹ́jú, kí á gbẹ́ kòtò ńlá tí yóò gba omi dúró fún wákàtí díẹ̀ kí ó tó máa jò lọ. Wọ́n ti gbẹ́ irú rẹ̀ ní Kútọnu, lẹ́yìn ibodè Ìdí-Ìrókò níbí.

Kí àwọn ilé-iṣẹ́ wa náà má ṣe rò pé gọ́tà òjò ni ibi ìdàṣẹ́ omi àgbo wọn. Àwọn olùkọ́ yunifásítì ti yẹ omi odò Àtúwàrá wò ní agbègbè Ọ̀tà, wọ́n sì rí ìdọ̀tí ilé-iṣẹ́ nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ará abúlé ń pọn ọ́n.

Ọ̀rọ̀ kan ṣòro, n kò sì ní yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Kí ni a ó ṣe fún ẹni tí ó ti kọ́lé sójú ọ̀nà omi? Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe olóríkunkun. Inú ọyẹ́ ni wọ́n fi ilẹ̀ náà hàn án, ó gbẹ táútáú. Ó kó èsúsú rẹ̀, ó san án. Oṣù kẹfà ni ó tó mọ̀ pé inú omi ni òun ra. Nínú òfin Islam, ẹni tí ó bá ta ọjà tí ó sì fi àbùkù rẹ̀ pamọ́, olùrà ní ẹ̀tọ́ láti dá a padà kí ó gba owó rẹ̀. Mo ní kí á lo ìlànà yìí. Kí ẹni tí ó tà á dá owó padà, bí ìjọba bá sì ti tẹ òǹtẹ̀ lu pílánì rẹ̀, kí ìjọba náà san tirẹ̀. N kò fara mọ́ ọn pé kí katapílà kan dé láàárọ̀ wá wó ilé tálákà, kí ẹni tí ó gbowó ilẹ̀ máa rẹ́rìn-ín nílé rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí àwa náà wo ọwọ́ ara wa. Ta ni ó ń da ọ̀rá píọ́ wọ́tà sínú gọ́tà? Ta ni ó ń kó yanrìn kún àgbàlá tirẹ̀ kí omi lè yà sílé aládùúgbò? Ànọ́bì wa kọ́ wa pé mímú ohun tí ń ṣeni léṣe kúrò lójú ọ̀nà jẹ́ sàráà. Lójú tèmi, kíkó gọ́tà nínú oṣù kejì àti oṣù kẹta, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, wà lára rẹ̀. Àjọ NiMet àti NIHSA ń kéde bí òjò àti omi yóò ti rí lọ́dọọdún. Ẹni tí a bá sọ fún kì í ní awáwí.

Ẹ̀yin baálẹ̀, ẹ̀yin káńsílọ̀, ilẹ̀ tí ẹ bá tà lónìí, ọmọ yín ni yóò bá omi inú rẹ̀. Ẹ yọ ti omi sílẹ̀ kí ẹ tó pín èyí tí ó kù. Kí Ọlọ́run Ọba jẹ́ kí òjò ọdún yìí bá wa ní ìmúrasílẹ̀. Àmín.