Ìṣirò fún Àwọn Tí Ń Wádìí Ọkàn Ènìyàn

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ wa tí ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga láti kọ́ nípa ọkàn àti ìwà ènìyàn, èyí tí a ń pè ní sáíkọ́lọ́jì, ni ó rò pé àwọn ti bọ́ lọ́wọ́ ìṣirò títí ayé. Wọ́n fẹ́ mọ ìdí tí ọmọ kan fi ń bẹ̀rù òkùnkùn, àti ọ̀nà tí a lè gbà tu ẹni tí ìbànújẹ́ dorí rẹ̀ kodò nínú. Kò ní í pẹ́ tí wọ́n bá wọlé ni a ó sọ fún wọn pé wọ́n ní láti kọ́ statistics, èyí tí í ṣe ìmọ̀ kíka, wíwọ̀n àti ìṣirò, kí wọ́n sì kọ́ ọ̀nà tí a ń gbà ṣe ìwádìí. Ọkàn wọn a sì rẹ̀wẹ̀sì. Nísinsìnyí, a ti ń gbé apá púpọ̀ nínú ẹ̀kọ́ náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ìpín-ìpín, kí akẹ́kọ̀ọ́ máa kọ́ ọ fúnra rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù. Ọ̀ràn yìí kan gbogbo ẹni tí ó ní ọmọ, a sì fẹ́ sọ èrò wa lé e lórí.

Kí ni ìṣirò ń wá nínú ọ̀ràn ọkàn? Àwọn baba wa ti dáhùn. Wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tí ó rí ọmọ mẹ́wàá tí ó mu àgbo kan tí ara wọn sì yá, tí kò bèèrè bí ó ti rí fún ọmọ mẹ́wàá mìíràn tí kò mu ún, ẹjọ́ apá kan ni ó gbọ́. Nítorí èyí ni ọ̀nà ìwádìí ṣe ní kí a fi ẹgbẹ́ kan wé èkejì. Ìyá tí ó ń se ọbẹ̀ pẹ̀lú kì í mu ìkòkò tán kí ó tó mọ̀ bí iyọ̀ ti rí. Ṣíbí kan tó fún un, bí ó bá ti ro ọbẹ̀ náà pọ̀ dáadáa kí ó tó tọ́ ọ wò. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ṣíbí náà yóò purọ́ fún un. Gbogbo ọgbọ́n yíyan ènìyàn díẹ̀ láti fi mọ púpọ̀ wà nínú ṣíbí yẹn.

Ronald Fisher, onímọ̀ ìṣirò ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ àpẹẹrẹ kan sínú ìwé rẹ̀ ní 1935, nípa obìnrin kan tí ó ní òun lè fi ahọ́n mọ̀ bóyá mílíìkì ni a kọ́kọ́ dà sínú ife tàbí tíì. Kí a tó gbà á gbọ́, tàbí kí a tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́, a ó po ife 8, 4 ní ọ̀nà kìíní, 4 ní ọ̀nà kejì, a ó sì gbé wọn fún un láìtẹ̀lé ètò kan tí ó lè mọ̀. Ọ̀nà 70 ni ènìyàn lè gbà yan ife 4 nínú 8. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan, tí ó kàn ń yàn bí ó ti wù ú, yóò gba gbogbo rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan péré nínú 70. Bí obìnrin náà bá gbà á pé, a ní ìdí láti fetí sí i.

Níbi tí a bá ti fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú irú ọgbọ́n yìí, àṣìṣe a di ìmọ̀. Ní 2015, ọ̀pọ̀lọpọ̀ onímọ̀ tí ó parapọ̀ gbé àbájáde iṣẹ́ ńlá kan jáde: wọ́n tún 100 ìwádìí sáíkọ́lọ́jì ṣe, láti wò ó bóyá wọn yóò rí ohun tí a ti sọ pé a rí. Nínú àwọn ìwádìí àkọ́kọ́, 97 nínú 100 ni ó ní èsì tí ìṣirò tì lẹ́yìn. Nígbà tí a tún wọn ṣe, nǹkan bí ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún péré ni ó rí bẹ́ẹ̀. A kò pe àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe é ní òpùrọ́. Lára ohun tí a gbà pé ó fà á ni pé àwọn tí a wádìí wò kéré jù, àti pé èsì tí ó dùn gbọ́ ni a máa ń tẹ̀ jáde, tí èyí tí kò dùn a sì wà nínú àpótí.

Ọ̀rọ̀ náà tún kàn wá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2010, Joseph Henrich àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì kọ̀wé pé nínú àwọn ìwé ìròyìn pàtàkì kan ti sáíkọ́lọ́jì, ìdá 96 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí a wádìí wò ni ó wá láti àwọn ilẹ̀ ọlọ́rọ̀ ti ìwọ̀-oòrùn, níbi tí ìdá 12 péré nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn ayé ń gbé. Òṣùwọ̀n tí a fi ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà ṣe ni a ó wá fi wọn ọmọ Ìṣẹ́yìn tàbí ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, a ó sì pe ọmọ tí orí rẹ̀ pé ní òmùgọ̀, nítorí pé ìbéèrè náà kò mọ ilé rẹ̀. Ta ni yóò lè sọ pé òṣùwọ̀n náà kò bá ibí mu? Ẹni tí ó mọ ìṣirò, tí ó sì mọ ilé wa ni.

Bẹ́ẹ̀ ni irú iṣẹ́ yìí kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ wa. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ ẹgbẹ́ ọmọ kan fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan. Ẹgbẹ́ kejì ni a kọ́ bí a ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì gba ipò Yorùbá lẹ́yìn ọdún kẹta. Nígbà tí a fi wọ́n wé ara wọn, àwọn tí a fi èdè ìyá wọn kọ́ kò kẹ́yìn rárá, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ìfẹ́ tí a ní sí èdè wa nìkan kò lè borí iyàn náà. Ìfiwéra tí a kà tí a sì wọ̀n ni ó fún wa ní ẹnu ọ̀rọ̀.

Ǹjẹ́ a lè fi íntánẹ́ẹ̀tì kọ́ ni ní irú ọgbọ́n báyìí? A gbà pé a lè fi kọ́ apá kan rẹ̀, kí ó sì dára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Nígbà tí àrùn Kòrónà ti ilẹ̀kùn ilé-ẹ̀kọ́ ní 2020, àti nígbà tí ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì ìjọba gba oṣù mẹ́jọ ní 2022, ẹni tí ó ní ẹ̀kọ́ lórí fóònù rẹ̀ kò jókòó lásán. Nínú yàrá tí akẹ́kọ̀ọ́ kún fọ́fọ́, ẹni tí ojú ń tì kò lè ní kí olùkọ́ tún un sọ ní ẹ̀ẹ̀kẹrin. Ẹ̀rọ kì í rẹ̀, kì í sì í fi ènìyàn ṣẹ̀sín. Ó tún lè ki ṣíbí bọ ìkòkò ní ẹgbẹ̀rún ìgbà ní ìṣẹ́jú kan, kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ojú ara rẹ̀ rí bí èsì ṣíbí kékeré ti ń ṣe ségesège, àti bí èyí tí ó tóbi ti ń súnmọ́ òtítọ́.

Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ mọ. Akẹ́kọ̀ọ́ lè máa tẹ ìdáhùn kan tẹ̀lé òmíràn títí ẹ̀rọ yóò fi sọ pé ó gbà á, kí ó sì gba máàkì kíkún láìmọ ohun tí ó ṣe. Ẹ̀rọ yóò bá a ṣe ìṣirò. Kò ní sọ fún un bóyá ìbéèrè rẹ̀ bọ́gbọ́n mu, tàbí bóyá ìtìjú ni ó mú kí àwọn ènìyàn dáhùn bí wọ́n ti dáhùn. Àwọn àgbà ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ẹni tí kò mọ ohun tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, tí ó mú ìwé ìbéèrè wọ agboolé, tí ó sì bi ìyá kan pé ọmọ mélòó ni ó bí, yóò gba èsì tí kì í ṣe òtítọ́, yóò sì fi ìṣirò tí ó pé pérépéré sọ ọ́ di irọ́ ńlá. Kí a gba àyè lọ́wọ́ ẹni tí a fẹ́ wádìí, kí a pa àṣírí rẹ̀ mọ́, kí a má fi ipá mú un: ẹnu olùkọ́ àti ìwà rẹ̀ ni a ti ń kọ́ èyí.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń fẹ́. Èkíní, kí ìjókòó kan máa tẹ̀lé ìpín ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ yóò ti pàdé olùkọ́ wọn, tí olúkúlùkù yóò sì fi ẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé ìtumọ̀ iye tí ó rí, ní èdè Yorùbá bí ó bá gbọ́ ọ. Ẹni tí kò lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá rẹ̀ kò tí ì mọ̀ ọ́n. Èkejì, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ṣe ìwádìí kékeré kan ní ìlú ara rẹ̀ kí ó tó gba oyè, kí ó má jẹ́ pé iye tí àwọn ará òkèèrè kó jọ nìkan ni yóò máa ṣírò. Ẹ̀kẹta, kí ẹ̀kọ́ náà ṣeé gbà sórí fóònù lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì ṣeé kà láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, kí owó dátà àti àìsí iná mànàmáná má baà lé ọmọ tálákà sẹ́yìn.

Ẹ̀yin ọba àti ìjòyè wa, ọwọ́ yín ni apá kan iṣẹ́ yìí wà. Ilé-ìkàwé tí ó ní iná àti íntánẹ́ẹ̀tì kò kọjá agbára ìlú tí ó lè kọ́ gbọ̀ngàn ńlá. Bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga bá wá tọrọ àyè láti ṣe ìwádìí ní agboolé yín, ẹ má ṣe rò pé agbowó-orí ni. Ẹ bi í ní ìdí rẹ̀, ẹ bi í ní ọ̀nà tí yóò gbà pa àṣírí mọ́, kí ẹ sì gba ìlérí lọ́wọ́ rẹ̀ pé yóò padà wá sọ ohun tí ó rí.

Bí a kò bá kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìṣirò yìí dáadáa, àwọn ẹlòmíràn yóò máa ka ọkàn wa fún wa, wọn yóò sì máa ṣì í kà. Àwọn ọmọ wa tí ó gba oyè yóò sì máa fi òǹtẹ̀ lù ú. Kí a má rí i.