Bàtà Tó Ya Lẹ́nu Lórí Òkè

Dansoman la wà, ní ìlú Accra, níbi tí òjò ò ti jẹ́ ká sá aṣọ láti ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ bàtà la gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe bàtà nìkan. Ọ̀rọ̀ ẹni tó tà á fún wa ni, àti bí àwọn tó ń ta ohun èlò ìrìn-àjò ṣe ń ṣe sí oníbàárà láyé ìsinsìnyí.

Nígbà ìsinmi tó kọjá, ilé-ìwé ọmọ wa obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, kó wọn lọ gun Òkè Afadja ní ẹkùn Volta. Fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, òun ni òkè tó ga jù lọ ní Ghana. Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 885, láti abúlé Liati Wote ni wọ́n sì ti ń gùn ún. Òkúta àti gbòǹgbò igi ló kún ojú ọ̀nà. Ilé-ìwé kọ̀wé sí àwọn òbí pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní aṣọ òjò, tọ́ọ̀ṣì, ike omi, àti bàtà tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ le. A ní gbogbo ìyókù nílé. Bàtà ni a ò ní.

A gba ilé ìtajà kan lọ nígboro, tí a kò ní dárúkọ. Ibẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí wa. Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ibẹ̀ la ti ra bàtà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Bàbá kan tó ti ń hu ewú ló dá wa lóhùn nígbà náà. Kó tó mú bàtà kankan sílẹ̀, ó bi wá pé níbo ni ọmọ ń lọ, ṣé yóò gbé ẹrù sẹ́yìn, ọjọ́ mélòó ni yóò lò níbẹ̀. Ó ní kí ọmọ wọ ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn kó tó dán bàtà wò. Ó ní kó gun àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, kó sì sọ̀ kalẹ̀, ó wá bèèrè bóyá ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kan iwájú bàtà nígbà tó ń sọ̀. Ó kan án díẹ̀, ló bá mú òmíràn wá. Èyí tí owó rẹ̀ wọ́n jù, ó ní ká má rà á, pé ọmọ tó ṣì ń dàgbà ni. Nígbà tí a sanwó tán, ó fi okùn bàtà kan ṣe èènì fún wa.

Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta la bá níbẹ̀. Ọ̀kan ń tẹ fóònù. A kí wọn, ẹnì kan rọra mi orí. A ní òkè ni ọmọ fẹ́ gùn, ọ̀kan nawọ́ sí ara ògiri: “Àwọn bàtà ló wà níbẹ̀ yẹn.” Nígbà tí a bèèrè èyí tó dára jù, ó ní gbogbo wọn ló dára. A bèèrè bàbá ọjọ́sí, wọ́n ní ó ti kúrò láti ọdún tó kọjá. A mú bàtà kan tó ba ẹsẹ̀ ọmọ mu, a san owó tí a ti ń fi pamọ́ fún oṣù méjì, a sì jáde.

Kò tíì dé orí òkè tí bàtà ọ̀tún fi ya lẹ́nu. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ já láti iwájú dé àárín, ó ń ṣe pà, pà, pà bí ẹnu ẹja. Ẹni tó ń fọ̀nà hàn wọ́n fi okùn dì í. Ìgbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ ni tòsì náà já. Ọmọ yọ̀ ṣubú, orúnkún rẹ̀ bó, òun ló sì dé ìsàlẹ̀ gbẹ̀yìn. Lálẹ́ ọjọ́ tó dé ilé, ó ní, “Mọ́mì, mo rò pé mo máa já bọ́ ni.” Ohun tó gbé wa padà sí ilé ìtajà yẹn nìyẹn. Owó bàtà ń dùn wá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn dùn wá jù ú lọ.

Bí a ṣe gbé bàtà kalẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà tọ́ka sí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ibi ìsanwó: ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà. A fi ìwé ẹ̀rí ìsanwó hàn án. Ó ní a ti wọ̀ ọ́. Ẹ gbọ́ ná, kí ni wọ́n ń fi bàtà ṣe? A sọ fún un pé ọmọ ṣubú. Kò ní “ẹ pẹ̀lẹ́.” Iṣẹ́ èdè la kọ́, nítorí náà etí wa máa ń wà lára irú nǹkan báyìí. Yorùbá ní “pẹ̀lẹ́,” àwọn Akan ní “kosɛ,” a sì máa ń sọ ọ́ fún ẹni tó kọsẹ̀ bí kì í tilẹ̀ ṣe àwa la gbé òkúta sọ́nà. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. A ò rí obì, a ò rí ọ̀rọ̀ rere.

Nígbà tí a jáde, ọ̀kan nínú wọn sáré tẹ̀lé wa dé ibi tí a ti ń dúró de ọkọ̀. Ó ní, “Àǹtí, ẹ má bínú. Bí a bá gba ọjà padà, owó oṣù wa ni wọ́n ń yọ ọ́ nínú. Kò sì sí ẹni tó kọ́ wa nípa bàtà rí.” Ọ̀rọ̀ yẹn yí inú wa padà. Ọmọ yìí kọ́ ló ba iṣẹ́ jẹ́. Ẹni tó ní ilé ìtajà ló jẹ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ lọ, tó kó ọmọdé sípò rẹ̀ láìkọ́ wọn, tó tún sọ ọ́ di ìjìyà fún wọn láti ṣe rere sí oníbàárà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà ti kúrò lọ́jà yẹn.

A gbé bàtà náà lọ bá aránbàtà kan nítòsí Sahara, ní Dansoman níbí. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, ó fọ́ wúyẹ́wúyẹ́ bí àkàrà àná. Ó ní, “Bàtà yìí ò tíì rìn, ṣùgbọ́n ó ti darúgbó.” Òótọ́ ló sọ. Irú rọ́bà fífúyẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní polyurethane, òun ni wọ́n fi ń ṣe àárín àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ bàtà ìgunkè. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ máa ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ooru sì ń mú kó yá. Bí bàtà bá wà nínú páálí fún ọdún púpọ̀ nínú irú ooru àti ọ̀rinrin tiwa yìí, ó lè máa dán lójú kí inú rẹ̀ ti jẹrà. Ohun tó yẹ kí olùtajà mọ̀ nìyẹn, kó sì máa yọ irú ọjà bẹ́ẹ̀ kúrò lórí àtẹ.

Ẹ má rò pé ìlú tiwa nìkan ni nǹkan ti yí. Ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Leon Leonwood Bean bẹ̀rẹ̀ sí í ta bàtà ọdẹ ní ọdún 1912. Nínú 100 bàtà tó kọ́kọ́ tà, 90 ló padà wá, nítorí òkè bàtà já kúrò lára ìsàlẹ̀. Ó dá owó gbogbo wọn padà, ó tún bàtà náà ṣe, orúkọ rere tó fi jèrè sì ló sọ L.L.Bean di ilé iṣẹ́ ńlá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tí ọjà wọn kò bá tẹ́ lọ́rùn lè dá a padà nígbàkígbà. Ṣùgbọ́n ní oṣù kejì ọdún 2018, wọ́n fi gbèdéke ọdún kan sí i. Kí ló fà á? Àwọn kan ń ra ògbólógbòó ọjà wọn lọ́wọ́ ẹlòmíràn, wọ́n á wá gbé e lọ gba owó. Ilé ìtajà REI náà ti ṣe irú rẹ̀ ní ọdún 2013. Nítorí náà, kì í ṣe olùtajà nìkan ló ń ba ìgbẹ́kẹ̀lé jẹ́. Ẹni tó wọ aṣọ lọ síbi àríyá tó sì fẹ́ dá a padà ní ọjọ́ kejì wà láàárín àwa náà.

Síbẹ̀, àwa Yorùbá ilẹ̀ Ghana mọ òwò tó ju èyí lọ. Àwọn bàbá àti ìyá wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí àti Ìgbòho tajà káàkiri ìlú àti abúlé níbí, kí àṣẹ ìjọba Busia ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969 tó lé ọ̀pọ̀ wọn lọ, tí wọ́n sì ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti palẹ̀ mọ́. Kò sí ìwé kankan lára ògiri wọn. Ojú lọ̀rọ̀ wà: ẹni tó ta abọ́ jíjò fún ọ lónìí yóò tún rí ọ lọ́jọ́ ọjà. Ẹ sì wo bí a ṣe ń lo “kọ́sítọ́mà”: ẹni tó ń tà ń pe ẹni tó ń rà bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń rà náà sì ń pe ẹni tó ń tà bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì ló jọ ni ín.

Òfin náà kò dákẹ́. Òfin ọjà títà ti Ghana, Act 137 ti ọdún 1962, sọ pé ọjà kò gbọdọ̀ ní àbùkù tí olùtajà kò sọ. Bí o bá sì ti sọ ohun tí o fẹ́ fi ṣe fún ẹni tó ń ta irú ọjà bẹ́ẹ̀, ó yẹ kó wúlò fún iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n àbùkù tó yẹ kí o rí nígbà tí o yẹ ọjà wò, ìwọ ni yóò ru ú. Fún àwọn ẹbí wa ní Britain, òfin ọdún 2015 fún yín ní 30 ọjọ́ láti dá ọjà alábùkù padà kí ẹ sì gba owó yín.

Nítorí náà, kí ẹ tó ra ohun èlò ìrìn-àjò fún ọmọ:

Ẹ sọ ọ́ sókè, kí wọ́n gbọ́, ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé ẹ̀rí ìsanwó.

Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ síwá-sẹ́yìn. Bí ó bá ń sán tàbí tó ń fọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ wo inú ahọ́n bàtà, nítorí àwọn mìíràn máa ń ní ọjọ́ tí wọ́n ṣe é níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ wọ̀ ọ́ rìn kiri fún ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìrìn-àjò. Ibi tí a ti kùnà gan-an nìyí. Ó sàn kó já ní Dansoman ju kó já lórí òkè lọ.

Bí ìjà bá dé, ẹ bèèrè ọ̀gá. Ẹ má bú ọmọ tó ń gba owó oṣù kékeré.

A ti kọ lẹ́tà sí ẹni tó ni ilé ìtajà náà. A ò bèèrè owó nìkan. A bẹ̀ ẹ́ pé kó má yọ ọ́ nínú owó oṣù àwọn ọmọ yẹn, kó sì wá ẹnì kan tó mọ bàtà láti kọ́ wọn. Aránbàtà wa ti fi àtẹ́lẹsẹ̀ mìíràn sí bàtà náà, ó fi okùn rán an yíká, ó sì ní kí ọmọ fò sókè lẹ́ẹ̀mẹta níwájú òun kó tó gba owó. Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, ó ní, “Bí ó bá já, ẹ mọ ibi tí mo wà.”

Ó dìgbà kan ná.