Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọmọ Lórúkọ

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bí àwọn baba wa ti ń pa òwe yìí nígbà tí ọmọ tuntun bá délé, bẹ́ẹ̀ ni n óò pa á lónìí nítorí ẹ̀kọ́ kan tí àwọn ọmọ wa ń kọ́ ní yunifásítì, ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wa kà sí àlejò òkè òkun, bẹ́ẹ̀ bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, ọmọ bíbí ilé wa ni. Ìkọ́lọ́jì ni wọ́n ń pè é: ẹ̀kọ́ nípa bí ewéko, ẹranko, ènìyàn, omi àti ilẹ̀ ṣe ń bá ara wọn gbé. Ní 1866 ni Ernst Haeckel, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, sọ ọ́ lórúkọ, ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Gíríìsì sì fi ń pe ilé ni ó mú ṣe gbòǹgbò orúkọ náà. Ohun tí mo ní í sọ kò ju ẹyọ kan lọ: ẹni tí yóò kọ́ ẹ̀kọ́ tí a fi ilé sọ lórúkọ kò gbọdọ̀ fi ilé tirẹ̀ sílẹ̀ láìwò.

Lójú ọ̀nà tí ó ti Adó-Èkìtì lọ sí Ìjàn ni Ilé-Ẹ̀kọ́ Gbogboǹṣe ti Ìjọba Àpapọ̀ wà, èyí tí a gbé láti Jos wá sí Adó ní 1982. Ojú ọ̀nà yìí kan náà ni Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá wà, tí a dá sílẹ̀ ní 2009. Kí ènìyàn sì tó dé Ìjàn, ìlú Oníjàn, yóò rí oko ẹ̀gẹ́ àti ti iṣu, yóò rí ọ̀pẹ, yóò sì rí ilẹ̀ tí àgbẹ̀ fi sílẹ̀ kí ó sinmi. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí ó jẹ́ ìwé àkọ́kà akẹ́kọ̀ọ́ wa.

Ẹ jẹ́ kí ó gbé férémù igi onígun mẹ́rin, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan gùn ní mítà 1, kalẹ̀ nínú ilẹ̀ ìsinmi kan ní Ìjàn, kí ó sì ka gbogbo ohun tí ó bá wà láàrin rẹ̀. Yóò rí imí eṣú àti ẹ̀kan, yóò rí imí ekòló tí ó tò jọ, yóò rí èèrà tí ń wọ́ òkú tata lọ. Ṣùgbọ́n ewéko tí à ń pè ní Akíntọ́lá takú ni yóò borí gbogbo wọn. Chromolaena odorata ni yóò kọ sínú ìwé rẹ̀, pẹ̀lú àlàyé pé àjèjì láti Amẹ́ríkà ni, tí ń fún ewéko onílé lọ́rùn pa. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá dọ̀bálẹ̀ fún àgbẹ̀ tí ó ni ilẹ̀, tí ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá,” bàbá yóò sọ fún un pé níbi tí Akíntọ́lá bá ti gbilẹ̀, ẹ̀kan kì í ráyè, pé ilẹ̀ tí ó bá sùn lábẹ́ rẹ̀ a máa ta iṣu dáadáa, àti pé omi ewé rẹ̀ ni àwọn ń fún sójú ọgbẹ́ àdá kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Ẹni tí akẹ́kọ̀ọ́ pè ní olè, àgbẹ̀ ti fi ṣe ìwọ̀fà. Akẹ́kọ̀ọ́ náà yóò sì rí ohun san padà: yóò ṣàlàyé pé iná tí à ń fi sun igbó lẹ́ẹ̀rùn a máa fi eérú mú ilẹ̀ sanra fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n a máa gbé púpọ̀ nínú oúnjẹ ilẹ̀ bá èéfín lọ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Àwọn kan yóò ní àwọn baba wa kò mọ yunifásítì, síbẹ̀ igbó wà. Bẹ́ẹ̀ ni, èèwọ̀ ni wọ́n fi ṣọ́ igbó orò àti odò abàmì. Ṣùgbọ́n ayùn ẹlẹ́ńjìnì kò tíì dé nígbà náà, àwa náà kò sì pọ̀ tó báyìí. Bí a bá sì fẹ́ gbin Ìrókò Olúwéré padà, ọ̀wọ̀ nìkan kò tó: kòkòrò kékeré kan, Phytolyma, a máa mú kí ewé ọ̀dọ́ ìrókò wú bí eéwo títí ọ̀mùnú rẹ̀ yóò fi kú, pàápàá níbi tí a bá gbin ìrókò nìkan lọ súà. Ẹni tí kò kọ́ èyí, ayé ni yóò máa fi sùn.

Àwọn òbí mìíràn yóò bèèrè pé oúnjẹ wo ni ó wà nínú kíka ewé, nígbà tí ọmọ aládùúgbò ń kọ́ ìṣègùn àti òfin. Mo bọ̀wọ̀ fún dókítà, ṣùgbọ́n ẹnì kọ̀ọ̀kan ni ó ń wò sàn. Bí ilẹ̀ bá ṣàìsàn, ohun tí ó ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ni ó ṣe. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún bo Ìbàdàn, ó sì gbé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn lọ. Òjò nìkan kọ́. Ilé àti pàǹtírí ti gba ọ̀nà omi. Omi náà kò sì bèèrè ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣe lọ́yà. Igi gańgańran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó: ẹ̀kọ́ ìwòkèèrè ni ẹ̀kọ́ yìí.

Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin olùkọ́, ẹ mú wọn lọ sí oko kí ẹ tó mú wọn wọ ìdánwò. Ẹ̀yin baba ní Ìjàn, ẹ má ṣe fi ọmọ tí ń ka koríko rẹ́rìn-ín. Ẹ pè é, ẹ sọ orúkọ tí ẹ ń pe ewé náà fún un. Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́, kọ orúkọ yẹn sí ẹ̀gbẹ́ ti Látìn, kí o sì kọ orúkọ àti iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀. Nígbà náà, bí o bá sọ ewé lórúkọ, a ó mọ̀ pé o ti wo ilé.