Ìrànlọ́wọ́ Owó Ilé fún Àwọn Ọ̀dọ́: Ojúṣe Jámáà Ni

Ọ̀kan nínú àwọn ìṣòro tí ó ń bá ọ̀dọ́ Mùsùlùmí fínra ni owó ilé àkọ́gbà. Ọmọ tí ó parí ẹ̀kọ́ tàbí tí ó gba òmìnira iṣẹ́ ọwọ́, tí ó sì rí iṣẹ́ sí Èkó tàbí Ìbàdàn, kò lè máa sùn sí pálọ̀ ẹbí títí láé. Ọ̀dọ́kùnrin tí ó fẹ́ gbéyàwó gbọ́dọ̀ ní yàrá tí yóò mú un wọ̀. Bí ọ̀nà ilé bá dí, ọ̀nà ìgbéyàwó dí pẹ̀lú, ohun tí ó sì máa ń tẹ̀lé èyí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni.

Kì í ṣe iye owó ilé nìkan ni ó fa ìṣòro yìí. Bí wọ́n ṣe ń gbà á ni. Bí owó yàrá kan bá jẹ́ 300,000 náírà lọ́dún, 25,000 náírà ni lóṣù. Ẹni tí ó ń gba 70,000 náírà, owó oṣù tí ó kéré jù lọ nínú òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2024, lè fara da èyí bí ó bá ń ṣọ́ owó ná. Ṣùgbọ́n odidi ọdún kan ni onílé ń béèrè lẹ́ẹ̀kan náà. Éjẹ́ǹtì yóò gba ìdá kan nínú mẹ́wàá, owó ìwé àdéhùn yóò gba ìdá kan nínú mẹ́wàá. Owó ti di 360,000 náírà kí ọ̀dọ́ tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Bí kò jẹ, tí kò mu fún oṣù márùn-ún, owó oṣù rẹ̀ kò ì tó o.

Òfin ilé yíyá ti ìpínlẹ̀ Èkó ní ọdún 2011 kà á léèwọ̀ kí onílé gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Síbẹ̀ àwọn kan ń gba ti ọdún méjì, nítorí pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ṣọ̀rẹ́, ẹni tí ó ń wá ibi tí yóò sùn kò sì fẹ́ ìjà.

Níbi yìí ni àwọn ayánilówó elélé ti ń rí ọ̀dọ́ mú. Orí fóònù ni wọ́n ti ń yá a lówó láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, èlé a sì máa gorí èlé. Àáfà a gun míńbárì, a ní èlé hàràámù ni. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn hàràámù gbọ́dọ̀ ṣí ti hàláàlì sílẹ̀. Wáàsí nìkan kì í san owó ilé.

Nígbà tí àwọn Muhájírúnà dé Mẹdínà ní ọdún 622, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) so wọ́n pọ̀ mọ́ àwọn Ànsárì ní ọmọ ìyá. Sa'd ọmọ Rabí' fi ìdajì dúkìá rẹ̀ lọ Abdur-Rahmán ọmọ 'Awf. Abdur-Rahmán ṣe àdúà fún un, ó ní kí ó fi ọ̀nà ọjà han òun. Kò pẹ́ tí ó fi jèrè, tí ó sì gbéyàwó. Ẹni tí ó ní kò dúró kí wọ́n bẹ òun. Ẹni tí kò ní kò sọ ìrànlọ́wọ́ di oúnjẹ òòjọ́.

Nítorí náà, ó yẹ kí jámáà mọ́ṣáláṣí àti ẹgbẹ́ àsàláátù kọ̀ọ̀kan ní àpò ẹ̀yáwó tí kò lélé. Onílé ni kí wọ́n san owó náà fún. Kí ọ̀dọ́ máa dá 30,000 náírà padà lóṣooṣù. Bí ọdún bá yí, tí ó ti san án tán, kí wọ́n tún bá a san ti ọdún kejì. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí, bí áyà 282 súrà Bákárà ti pàṣẹ. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, áyà 280 ní kí wọ́n lọ́ ọ lára. Bí kò bá sì rí i san rárá, onígbèsè ní ìpín nínú sàká, gẹ́gẹ́ bí áyà 60 súrà Tàóbà ti là á sílẹ̀.

Àwọn àgbà kan ń bẹ̀rù pé ọ̀dọ́ kò ní san án. Ẹ̀rù yìí kò wá lásán. Kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ rántí pé ẹni tí ó bá yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà egbèje. Ọ̀dọ́ tí ó wà lẹ́yìn ni yóò sùn síta.

Ti ọ̀dọ́ mẹ́wàá kò ju 3,600,000 náírà lọ. Jámáà tí ó lè dáwó tẹ́ máàbù sí mọ́ṣáláṣí lè dá èyí. Kí Ọlọ́hun fi àánú sí ọkàn àwọn ọlọ́rọ̀, kí Ó sì fi òtítọ́ sí ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́. Àmín.