Ta ló ṣa Òrìṣà jọ lẹ́yìn Àtúndá?

Lọ́sẹ̀ yìí, n kò ní í ki odù kankan. Ìwé ewì kan tí wọ́n fi èdè Òyìnbó kọ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹ má tíì ṣí ojú ewé yìí kọjá, nítorí ọ̀rọ̀ Ògún ló wà nínú rẹ̀.

Ìwé Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká ni, Idanre and Other Poems, tó jáde lọ́dún 1967. Ọmọ ọmọ mi obìnrin tó wà ní yunifásítì ló gbé e wá. Ó ti pẹ́ tí ọmọ náà ti dé ìdí Ifá gbẹ̀yìn. Ó ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé nǹkan àwọn àgbàlagbà ni. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ilé o, Bàbá àgbà. Ta ni Àtúndá? Wọ́n ní ká kọ nǹkan nípa rẹ̀, kò sì yé ẹnikẹ́ni nínú wa." Inú mi dùn ju bí mo ṣe jẹ́ kó hàn lọ.

Ìwé náà le, n kò ní í purọ́. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà, ìlà mìíràn sì wà tí mo kà lẹ́ẹ̀mẹ́fà tí n kò rí ibi dì mú. Nígbà tí mo wà nílé ìwé, olùkọ́ wa fo ewì ọkùnrin yìí kọjá, ó ní kò lè yé wa. Chinweizu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì náà bá irú èdè bẹ́ẹ̀ wí gidigidi nínú ìwé tí wọ́n kọ lọ́dún 1980.

Mi ò bá wọn gbà á tán. Ta ni ẹsẹ Ifá ń yé lẹ́ẹ̀kan náà? Bí mo bá ń ki orúkọ àwọn awo tó dífá, ẹni tó wá dá Ifá á kàn máa wò mí ni. Ṣùgbọ́n n kì í jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Màá sọ ìtàn rẹ̀ fún un, màá sọ ẹni tí wọ́n dá a fún àti ohun tó fi rúbọ. Akéwì ò sí nílé wa láti ṣe ìyẹn, àlàyé tó fi sínú ìwé kò sì tó.

A wá jókòó, ọmọ náà ń túmọ̀ èdè Òyìnbó, èmi ń sọ ti Ògún. Apá méje ni ewì Ìdànrè pín sí, iye Ògún gan-an. Ó gun òkè Ìdànrè. Lẹ́yìn ọdún bíi méjì, ó rìn nínú igbó tútù títí ilẹ̀ fi mọ́ ní Mọ́lété, n'Ìbàdàn, lọ́jọ́ tí àrá ń sán. Látibẹ̀ ló ti rí Ògún àti Ṣàngó pa pọ̀ nínú waya iná mànàmáná. Nígbà tá a dé Ìrè, tí Ògún mu ẹmu yó tó ń pa àwọn ọmọ ogun tirẹ̀, mo dákẹ́. (Ẹ̀yin awakọ̀ tẹ́ ẹ ń mu ọtí kẹ́ ẹ tó dì kẹ̀kẹ́ ọkọ̀ mú, tẹ́ ẹ sì ń pe Ògún, ẹ ní kí ẹnì kan ka ibẹ̀ fún yín.)

Ibi tá a ti jà ni apá kẹfà. Àtúndá ni ẹrú tó yí òkúta lu Òrìṣà-ńlá, tó fọ́ ọ yángá. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan sáárá sí i, nítorí ó gba ọ̀pọ̀ là kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn tí àwa jogún, Ọ̀rúnmìlà wá ṣa àwọn èérún náà jọ sínú igbá, ó sì pín wọn káàkiri ayé. Àwọn àgbà kan tiẹ̀ ní ibẹ̀ ni orúkọ òrìṣà ti wá: ohun tí a rí ṣà. Ẹni tó fọ́ ọ gba oríyìn. Ẹni tó tẹ̀ ba, tó ń ṣà á ńkọ́?

Ọmọ náà kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní olùkọ́ àwọn lè má gbà. Mo ní kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kó ní bàbá bàbá òun ló sọ ọ́.

Ó ti ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Ifá tó ń bọ̀. Apá keje ló kù.