Aboyún Tó Ń Tọ́jú Aláìsàn: Òfin Ti Sọ̀rọ̀, Ó Ku Tiwa

Bí a bá pàdé aboyún lójú ọ̀nà, àdúrà tó máa ń jáde lẹ́nu wa ni pé a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Àdúrà rere ni. Àmọ́ ní Lomé níbí, ẹnu kan náà ló tún máa ń sọ fún ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní kíláíníkì aládàáni, tàbí èyí tó ń tọ́jú ìyá arúgbó nínú ilé wa, pé: "O ti lóyún, máa lọ sílé ná. Tó o bá bí tán, a ó máa wò ó." Kò sí ìwé, kò sí owó, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ yìí la fẹ́ bá ẹ̀yin ọba àti ìjòyè wa, ẹ̀yin ìyálọ́jà, àti gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ sọ.

Àwọn tí à ń sọ kì í ṣe nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí nìkan. Ẹni tó ń fọ aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ nílé ìwòsàn wà níbẹ̀. Ẹni tó ń gbé arúgbó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀. Ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń bá wa pọn ọmọ wà níbẹ̀. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, ọ̀pọ̀ wọn sì wà lọ́jọ́ orí ìbímọ.

Iṣẹ́ yìí ní ewu tirẹ̀ fún aboyún. Gbígbé aláìsàn tí kò lè dá dìde wúwo jù fún ẹni tí oyún ti wúwo nínú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó gún ọwọ́ lè kó àrùn ẹ̀dọ̀ B wọ ara ìyá, kó sì ti ibẹ̀ ràn ọmọ. Iná ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ya àwòrán egungun lè pa ọmọ inú lára, àwọn oògùn jẹjẹrẹ kan náà sì lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ti ibà Lásà ló tún le jù. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé bí àrùn yìí bá mú obìnrin nígbà tí oyún ti wọ oṣù mẹ́ta ìkẹyìn, ó ju 80 nínú 100 lọ tí ìyá tàbí ọmọ ń bá a lọ. Ibà yìí ò jìnnà sí wa. Ìpínlẹ̀ Oǹdó, pàápàá agbègbè Ọ̀wọ̀, ti mọ̀ ọ́n dáadáa. Ní 2016, ó mú òṣìṣẹ́ ìlera kan ní àríwá Togo níbí. Wọ́n gbé e lọ sí Jámánì, ibẹ̀ ló sì kú sí.

Kí ni òfin wí? Òfin iṣẹ́ tí Togo ń lò báyìí jáde ní ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ọdún 2021. Obìnrin tó lóyún ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi ọ̀sẹ̀ 14, mẹ́fà nínú rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, ó sì lè gùn sí i bí àìsàn bá ti inú oyún tàbí ìbímọ wá. Owó oṣù rẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró: CNSS á san ìdajì, agbanisíṣẹ́ á san ìdajì. Bó bá padà síbi iṣẹ́, ó ní wákàtí kan lójúmọ́ láti fún ọmọ lọ́mú títí ọmọ á fi pé oṣù 15. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lé e nítorí oyún, wọn ò sì gbọdọ̀ lé e nígbà tó wà nínú ìsinmi. Ti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní òfin tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti Nàìjíríà dé, àṣà ibẹ̀ la sì fi ń ṣe ilé iṣẹ́ níbí. Ní Nàìjíríà, òfin iṣẹ́ wọn sọ pé ọ̀sẹ̀ 12, owó tí kò dín ní ìdajì. Ẹni tó bá ń fi ìyẹn wọn ti Lomé ń ṣi ìwọ̀n lò. Ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, aládùúgbò wa, ti fọwọ́ sí àdéhùn Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé lórí ààbò ìyá láti 2012. Àdéhùn náà sọ pé a kò gbọdọ̀ fi agbára mú aboyún ṣe iṣẹ́ tó lè pa òun tàbí ọmọ lára. Àwọn ọmọ wa tó lọ ń tọ́jú arúgbó ní Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ pé bí wọ́n bá kọ̀wé sọ pé àwọn lóyún, ọ̀gá gbọ́dọ̀ yẹ ewu iṣẹ́ náà wò, kó sì pa iṣẹ́ dà fún wọn bó bá yẹ. Inú wa ń dùn bí wọ́n bá sọ ọ́ lórí fóònù. Ṣé ohun tó dára fún ọmọ tiwa lókè òkun kò dára fún ọmọ ọlọ́mọ lábẹ́ òrùlé wa?

A mọ ohun tí àwọn tó ni kíláíníkì kékeré máa sọ: owó ò sí. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Láti oṣù kìíní 2023, owó oṣù tó kéré jù ní Togo jẹ́ 52,500 sẹfà. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ 26,250 lóṣù, fún oṣù mẹ́ta àti díẹ̀. Iṣẹ́ CNSS dà bí àjọ tí à ń dá lọ́jà: ẹni tó bá ń dá a ni yóò kó o. Ọ̀gá tí kò bá forúkọ òṣìṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ló ń di gbogbo ẹrù náà ru ara rẹ̀, tàbí kó dì í ru aboyún.

Àwọn mìíràn á ní, "Bí ọmọ ni mo ṣe mú un, a kì í bá ọmọ ẹni ṣe ìwé." Ó dáa. Ta ló ń lé ọmọ ẹ̀ síta nítorí pé ó lóyún?

Ẹ̀yin orí adé àti ìjòyè, ọ̀dọ̀ yín ni irú ẹjọ́ báyìí sábà máa ń kọ́kọ́ dé. A máa ń bẹ obìnrin náà pé kó mú sùúrù, a ó fún un lówó ọkọ̀, ọ̀rọ̀ parí. Ẹ̀bẹ̀ dára, àmọ́ kò yẹ kí ẹ̀bẹ̀ jẹ ẹ̀tọ́ mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Ohun tí à ń tọrọ ni pé kí ìparí ìjà kankan láàfin má ṣe kéré sí ohun tí òfin là sílẹ̀. Bí ọ̀gá bá kọ̀, ẹ jẹ́ kí obìnrin náà mọ̀ pé ó lè lọ sí Inspection du Travail. Wọ́n á kọ́kọ́ gbìyànjú láti làjà níbẹ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe, ilé ẹjọ́ iṣẹ́ wà. Kó má sọ pé àlejò lòun. Owó iṣẹ́ tí èèyàn ti fi òógùn ṣe kì í di òfo nítorí ìlú tó ti wá.

Ẹ̀yin obìnrin náà, ẹ má fi oyún pa mọ́ títí á fi yọ. Ẹ gba ìwé lọ́dọ̀ dókítà tàbí agbẹ̀bí, ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá, kí ẹ sì pa ẹ̀dà rẹ̀ mọ́. Ẹ béèrè nípa ètò Wezou tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 2021 láti ran àwọn aboyún lọ́wọ́.

Ó ku ìjọba. Àwọn olùbẹ̀wò iṣẹ́ gbọ́dọ̀ wọ àwọn kíláíníkì aládàáni, kì í ṣe ilé iṣẹ́ ńlá ní èbúté nìkan. Ẹ jẹ́ ká bi àwọn kánsẹ́lọ̀ wa ní Golfe àti Agoè-Nyivé léèrè ohun tí wọ́n ń ṣe sí i, kí ìbò mìíràn tó dé. Àmọ́ ká tó na ìka sí wọn, kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tó gba èèyàn síṣẹ́ lọ forúkọ wọn sílẹ̀ ní CNSS. Ẹni tí kò bá mọ ọ̀nà, kó wá bá akọ̀wé ẹgbẹ́.

Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ titun wọ́. Ọjà Lomé kún fún àgbà Yorùbá. Ẹ jẹ́ ká ṣe bí àgbà.